Sí Àdùkẹ́, lórí ìbò tí kò bọ́ sí i

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ara wa le, orúnkún màmá rẹ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. O ní ìbò 11 péré ni wọ́n fi jù ọ́ lọ nígbà tó o dupò aṣojú òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ, pé o ò tún dá sọ́rọ̀ ẹgbẹ́ mọ́ láyé. Má bínú o, ẹ̀rín pa mí. Látìgbà tó o ti lọ ni mo ti ń ka ìtàn ilẹ̀ yín kiri, Queensland ní Ọsirélíà tó o wà yìí gan-an sì ni Andrew Fisher ti bẹ̀rẹ̀ òṣèlú.

Ọmọ awakùsà ni, láti abúlé Crosshouse ní Scotland. Ọmọdé ni nígbà tí òun náà wọ ihò èédú. Nígbà tó dàgbà, ó kó sí ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì, àwọn tó ni ihò sì fi iṣẹ́ dù ú. Ní 1885 ó wọkọ̀ ojú omi wá sí Queensland, nígbà tó yá, ó ń wa wúrà ní ìlú Gympie. Ó wọlé ìbò sílé aṣòfin Queensland ní 1893. Ní 1896, ó fìdí rẹmi. Ọdún yẹn náà ni òun àtàwọn kan dá ìwé ìròyìn Gympie Truth sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ lè rí ibi sọ tẹnu wọn. Ó padà wọlé ní 1899. Láàárín 1908 sí 1915, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe olórí ìjọba Ọsirélíà.

Pọ́n-ùn 5 ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 1912, ìjọba rẹ̀ ṣòfin pé kí ìyá tó bá bímọ máa gbà á, ìbáà nílé ọkọ, ìbáà má ní. Màmá rẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo kà á fún un. Mo wá ka ìyókù: àwọn obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà gan-an, àwọn ará Éṣíà àtàwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì kò gbọ́dọ̀ gbà á. Màmá rẹ dákẹ́. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ rí!

Mo mọ̀ ọ́, wàá tún dupò yẹn. Àwọn tó ń nulẹ̀ lóru tó o máa ń sọ fún wa, ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ béèrè ìbò lọ́wọ́ wọn? Ìwọ náà ńkọ́?

Aṣọ òkè rẹ ti dé láti Ìṣẹ́yìn. A ń wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún.

Bàbá rẹ