Ọ̀rọ̀ Lèmọ́mù fún Jímọ̀ Yìí: Bébà Hudaibiya

Àsàláámù àláékùm, ẹ̀yin jàmáà wa. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀, ẹ sì kú ọ̀sẹ̀ yìí, torí ọ̀sẹ̀ yìí kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni nínú wa: òkú wà nílẹ̀, a ń jà lórí ta ni yóò ṣíwájú ìrun rẹ̀, bébà àdéhùn àárín àwa àtàwọn ará wa tó ń kírun lọ́tọ̀ sì ti fà ya. Ọ̀rọ̀ sàká ni mo ti kọ sílẹ̀ fún yín tẹ́lẹ̀. Mo ká a sábẹ́ tírà, ó di ìgbà mìíràn. Ẹni tó bá ka èyí tó rò pé òun ni mo ń bá wí, kò ṣì í rò. Ẹni tó bá rò pé kì í ṣe òun, kó tún un kà.

Súrà Al-Anfaal, ẹsẹ 61: «Bí wọ́n bá tẹ̀ sí àlàáfíà, ìwọ náà tẹ̀ sí i, kí o sì gbára lé Ọlọ́hun. Òun ni Olùgbọ́, Onímọ̀.»

Ẹsẹ 60 la mọ̀ jù nílùú yìí. Ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ní ká pèsè agbára àti ẹṣin ogun sílẹ̀. Ìlọrin tí ẹṣin jẹ́ eégún wọn, ta ni yóò kọ irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀? Oníwàásì á gbé e sókè, àwọn ọ̀dọ́ á ké kábárá, gbogbo rẹ̀ á parí síbẹ̀. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an ńkọ́?

Ta sì ni «wọ́n» tí ẹsẹ náà ń sọ? Kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ padà sí ẹsẹ 56: àwọn tó ń bá Ànábì ṣe àdéhùn tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà ni. Ọ̀dàlẹ̀ pọ́ńbélé. Bí irú àwọn yẹn bá tẹ̀ sí àlàáfíà, Ọlọ́hun ní kí ìwọ náà tẹ̀ sí i. Mo mọ èsì tó wà lẹ́nu yín: «Àáfà, ẹ̀tàn ni, ẹ ò mọ̀ wọ́n ni.» Ọlọ́hun ti dá yín lóhùn kí ẹ tó la ẹnu. Ẹsẹ 62: «Bí wọ́n bá sì fẹ́ tàn ọ́ jẹ, Ọlọ́hun tó fún ọ.» Kò sọ pé wọn ò ní tàn ọ́. Kò sọ pé kí o kọ́kọ́ la inú wọn wò, kó o rí i pé ó mọ́, kó o tó jókòó. Àwọn onímọ̀ kan ní ẹsẹ idà, èyí tó pàṣẹ ogun nínú Súrà At-Tawba, ti pa ẹsẹ 61 yìí rẹ́. Ibn Kathir, onítúmọ̀ Kùránì, kò fara mọ́ ọn, àdéhùn tí Ànábì ṣe ní Hudaibiya lẹ́bàá Mẹ́kà ló sì fi ṣe ẹ̀rí, ibẹ̀ ni èmi náà ń lọ.

Ọdún kẹfà Hijra ni, 628 nínú ònkà àwọn Òyìnbó. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kó sàhábà bíi 1,400 lẹ́yìn láti lọ ṣe Umra, Kùráìṣì, àwọn tó ni Mẹ́kà nígbà náà, sì dí wọn lọ́nà. Suhayl ọmọ Amr ni wọ́n rán wá ṣe àdéhùn. Alí ló mú kálámù. Ànábì ní kó kọ «Bísímíláhì Rahmáánì Rahíìm». Suhayl ní àwọn ò mọ Rahmáánì kankan, kí wọ́n kọ «Ní orúkọ Rẹ, Ọlọ́hun» bí àwọn ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ànábì ní kó kọ pé àdéhùn tí Muhammad Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe nìyí. Suhayl tún fò dìde: bí a bá gbà pé òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni ọ́, kí la fẹ́ dí ọ lọ́nà Kaaba sí? Kọ orúkọ rẹ àti ti baba rẹ. Ànábì ní kí Alí pa á rẹ́. Alí fi Ọlọ́hun búra pé òun ò ní pa á rẹ́ láé.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ṣé ọlọ̀tẹ̀ ni Alí? Rárá o. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbé e. Ànábì ní kó fi ibẹ̀ han òun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ó wá ku Muhammad ọmọ Abdullahi lórí bébà. Ṣé ó kúrò ní òjíṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn? Àwọn tó pa orúkọ oyè rẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni wọ́n wá gba Islam lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mẹ́kà lọ́dún kejì sígbà náà, Suhayl fúnra rẹ̀ náà padà gbà á. Àdéhùn tí Umar ń bínú sí pé ó rẹ̀ wá sílẹ̀ yìí ni Súrà Al-Fath sọ̀ kalẹ̀ lé lórí, tí Ọlọ́hun pè é ní ìṣẹ́gun tó hàn gbangba.

Ẹ má sọ pé ayé Ànábì nìyẹn. Ẹ jẹ́ n mú yín dé Aceh ní Indonesia, ibi tí wọ́n ń pè ní fàráńdà Mẹ́kà, torí ibẹ̀ ni àwọn alálàájì ìhà ọ̀hún ti ń wọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́. Ní 1976, Hasan di Tiro àti ẹgbẹ́ ajìjàgbara rẹ̀, GAM, kéde pé Aceh ti kúrò lára Indonesia. Mùsùlùmí nìjọba, Mùsùlùmí lẹgbẹ́ náà, síbẹ̀ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń pa ara wọn, tí òkú tó bíi 15,000. Wọ́n ṣàdéhùn ní December 2002. Kò pé oṣù mẹ́fà tó fi tú, ìjọba sì da ológun bo ìlú.

Ní 26 December 2004 ni òkun ru gorí ilẹ̀. Àwọn tó kú àtàwọn tó sọnù ní Indonesia lé ní 160,000, Aceh sì ni ó pọ̀ jù. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó ní Helsinki níwájú Martti Ahtisaari, ààrẹ Finland tẹ́lẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí kì í ṣe ará àdúgbò wọn. (Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ní àjèjì ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ wa. Mo gbọ́.) Orúkọ ni ìjà tó le jù níbẹ̀. Orúkọ tí ìjọba fẹ́ fún ẹ̀tọ́ àrà ọ̀tọ̀ tó fẹ́ fún Aceh, GAM ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, torí wọ́n ti fi ṣèlérí fún wọn rí. Ní ìjókòó ti February, GAM pa ọ̀rọ̀ òmìnira tì, wọ́n ní kí àwọn máa ṣèjọba ara àwọn lábẹ́ Indonesia. Ìjọba náà ò fẹ́ orúkọ yẹn. Níkẹyìn, «òfin lórí ìṣèjọba Aceh» ni wọ́n kọ sílẹ̀, kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, ó sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Wọ́n fọwọ́ sí i ní 15 August 2005. Ìpele mẹ́rin ni GAM fi kó ìbọn 840 sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó o sílẹ̀ ni ìjọba náà ń kó àwọn ọmọ ogun tó rán wá padà. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó epo àti gáàsì ilẹ̀ wọn, ká fi náírà tiwa sọ ọ́, àádọ́rin di ti Aceh. Irwandi Yusuf, ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lẹ́wọ̀n lọ́jọ́ tí omi dé, di gómìnà nínú ìbò December 2006. Ilé ẹjọ́ padà dá a lẹ́bi lórí owó ẹ̀yìn, mi ò fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ogun ò padà.

Ẹnìkan á ní ikú ló là wọ́n lójú. Omi ọjọ́ yẹn kan náà gbá etíkun Sri Lanka, níbi tí ìjọba àtàwọn Tamil Tiger, ẹgbẹ́ tó fẹ́ ya kúrò lára ìlú náà, ti ń jà. June 2005 ni wọ́n kọ̀wé bí wọn yóò ṣe jọ pín ohun ìrànwọ́ fún àwọn tí omi gba ilé wọn. Àwọn kan bínú kúrò nínú ìjọba, ilé ẹjọ́ dá a dúró, ogun tún dé, May 2009 ló tó parí, lórí òkú ọ̀kẹ́ àìmọye. Nílé wa níhìn-ín náà, àwọn ọ̀gágun wa fẹnu kò ní Aburi ní Ghana ní January 1967, kálukú gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ wálé, July ìbọn ogun Biafra ti ń dún.

Nítorí náà ẹ má sọ fún mi pé òkú a máa parí ìjà. A ti rí i lọ́sẹ̀ yìí pé kì í parí rẹ̀. Òkú ò lè sọ pé oòrùn ń pa òun. Àwọn àgbàlagbà tó wọ báńtẹ́ àdínì dúró tì í, wọ́n ń bi ara wọn ta ni yóò ṣíwájú. Munkar àti Nakir á bi í pé ta ni Olúwa rẹ. Wọn ò ní bi í pé ta ló kírun sí ọ lára, mọ́ṣáláṣí wo ló sì ti wá. Ọmọdé wà níbẹ̀ o. Ìlọrin Àfọ̀njá ẹnu dùn ju iyọ̀: ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wa lọ́jọ́ náà, iyọ̀ wo ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ràn mi ni mo ń bá wí jù. Ẹ̀yin lẹ fa bébà ya. Ẹ ní ẹ ò ní rí i kí wọ́n kọ orúkọ mi láìsí Lèmọ́mù níwájú rẹ̀. Ìfẹ́ Alí ni, mo mọ̀, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n ta ló rán yín? Ẹ fún mi ní bébà náà, kí n fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Kí wọ́n kọ orúkọ mi àti ti baba mi, ó tó mi. Bí mo bá jẹ́ Lèmọ́mù lójú Ọlọ́hun, bírò ò lè yọ mí. Bí mi ò bá sì jẹ́ ẹ, ariwo yín ò lè fi mí jẹ.

Ẹ̀yin ará wa tó ń kírun lódì kejì báyìí, ilé-kéú kan náà la ti jọ gba pàtákó. Ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní Súrà Yásìn. Ìyàwó yín, ọmọ wa ni. Ọmọ yín, àna wa ni. Mo gbọ́ pé ẹ ní ẹ ṣì lè jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn tó mi. Mi ò ní bi yín ìdí rẹ̀. Lálẹ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn ìrun Ìsháì, mo máa wá sí ilé Mọgàjí, èmi nìkan àti Bàbá Àdínì, kò sí ọ̀dọ́ kankan lẹ́yìn wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bá wa fi Ọlọ́hun bẹ̀ wọ́n. Ọlọ́hun á forí jin òkú wa, á fi Àlùjánà tọrẹ fún un, á tọ́jú àwọn tó fi sílẹ̀.

Ìkéde: Fìdáù ọjọ́ kẹjọ, àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́wàá, ẹ̀kan ṣoṣo la ó ṣe é, gbogbo wa pọ̀. Àsàlátù ọjọ́ Àìkú ṣì wà. Owó àtúnṣe ẹ̀rọ omi kò tíì pé, ẹ rí akápò. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ yé gbé ọ̀kadà dí ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin. Ẹni tó yá àkàbà mọ́ṣáláṣí kó dá a padà kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, gílóòbù méjì ti jó lókè.