Lẹ́tà sí Olóòtú: Kí a tó ra fuel cell ní Èkìtì, ẹ jẹ́ ká béèrè iye wákàtí tí yóò lò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Iṣẹ́ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì níbí, látorí kékeré tí wọ́n ń fi okùn fà títí dé àwọn ńlá tó ń gbé òpó tẹlifóònù lórí òkè. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìwé ìpolówó kan tí oníbàárà mi kan, ìyá tó ń ta ẹja yìnyín, gbé wá hàn mí. Ẹnì kan ló fẹ́ ta ẹ̀rọ fuel cell fún wọn, èyí tó ń fi gáàsì háídrójìn ṣe iná, kí wọ́n lè fi rọ́pò jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé yàrá yìnyín wọn. Wọ́n kọ iye wáàtì rẹ̀ sínú ìwé náà, wọ́n ní kò léèéfín, kò pariwo, omi lásán ló ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo yẹ̀ ẹ́ wò tojú-tìdí, n kò rí ibi tí wọ́n kọ iye wákàtí tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe kí agbára rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í fojú di wákàtí. Bí wọ́n bá pè mí sídìí jẹnẹrétọ̀ ńlá, mítà wákàtí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń nu eruku kúrò lójú rẹ̀ kí n tó kan nǹkan mìíràn. Òun ló ń sọ fún mi bóyá ọ́ìlì ló yẹ ká yí ni, tàbí ẹ́ńjìnnì ló ti ń darúgbó. Fuel cell náà ń darúgbó, ọ̀nà tó ń gbà darúgbó ló yàtọ̀, ọ̀nà náà sì kan àwa ará Èkìtì ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Fuel cell kò ní písítìn, kò ní púlọ́ọ̀gì, ohunkóhun kì í sì í jó nínú rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín. Háídrójìn ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, háídrójìn á pín sí méjì: apá kan á gba inú awọ náà kọjá, apá kejì, tí í ṣe iná, kò rí inú awọ gbà, á gba wáyà lọ, èyí la fi ń tan gílóòbù. Níkẹyìn, àwọn méjèèjì á pàdé ọ́síjìn lódì kejì, wọ́n á di omi. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Láti ọdún 1839 ni William Grove ará Wales ti fi irú rẹ̀ hàn, àwọn tó sì lọ sínú òṣùpá lọ́dún 1969 lo irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń mu omi tó ń tara rẹ̀ jáde. Iná tí awọ kan ń mú wá kì í tó fóòtì kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀. Nínú Toyota Mirai tó kọ́kọ́ jáde lópin ọdún 2014, 370 ni wọ́n tò.

Háídrójìn àti ọ́síjìn kì í dédé ṣe iṣẹ́ yìí kíákíá. Catalyst ló ń mú wọn ṣe é. Ẹni tó bá ń dé ọgbà mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ọmọkùnrin tó ń kiri láti ra catalyst tó wà lábẹ́ mọ́tò tòkunbọ̀. Platinum, irin olówó iyebíye kan, àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Platinum yìí kan náà ló wà nínú fuel cell, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́síjìn tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀ jù. Ilẹ̀ South Africa ni èyí tó pọ̀ jù láyé ti ń jáde, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ takuntakun láti dín in kù. Ní àwọn ọdún 1980, ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n tí wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti nǹkan bíi mílígíráàmù 4 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó sí 0.4. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ cobalt, irin mìíràn, kí díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyẹn. Kí platinum díẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀, àfi kí wọ́n sọ ọ́ di ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, kí wọ́n sì fọ́n ọn sára èédú tó kúnná. Bí ẹyọ bá ṣe kéré tó ni ara tó fi ń kan gáàsì ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó kéré á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa lọ lẹ̀ mọ́ àwọn tó tóbi, títí wọn yóò fi di kókó bí àmàlà tí ọwọ́ kò rò dáadáa. Platinum ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tó wà nínú kókó kò rí gáàsì mọ́.

Èyí tó tiẹ̀ ń kó ìdààmú bá mi jù ni títàn àti pípa. Bí ẹ bá pa fuel cell, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ háídrójìn. Bí ẹ bá tún tàn án, háídrójìn tó ń wọlé á máa lé afẹ́fẹ́ náà síwájú, nígbà tí méjèèjì sì wà nínú ilé kan náà yẹn, fóòtì tó ń ba ẹ̀gbẹ́ ọ́síjìn lè fò dé nǹkan bíi 1.5. Èédú kò lè gbà á. Á máa jẹ, á di gáàsì, á bá afẹ́fẹ́ lọ, platinum tó gbé dúró á já bọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ó sì ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá pa á tí a tún tàn án bí a kò bá ṣe ètò tí yóò dènà rẹ̀. Ẹ wá wo iná wa. Wọ́n á mú un lọ láàárọ̀, wọ́n á mú un dé lọ́sàn-án, a ò tíì pariwo “Up NEPA” tán tó tún ti lọ. Ẹ̀rọ tó bá ń dúró de irú iná yìí, títàn àti pípa ni yóò máa ṣe tọ̀sán-tòru. Iye wákàtí tí wọ́n kà níbi tí wọ́n ti tàn án tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ jẹ́jẹ́ kò lè jẹ́ tiwa.

Ẹ tún fi ọyẹ́ kún un. Awọ àárín yẹn kì í ṣiṣẹ́ bí kò bá ní omi lára. Bó bá mu omi, á wú. Bó bá gbẹ, á súnkì. Wíwú àti sísúnkì yìí ló ń mú un là. Nígbà ọyẹ́ ní Èkìtì, tí afẹ́fẹ́ gbẹ débi tí ètè àgbà àti ọmọdé ń là, ta ló ti dán awọ yìí wò? Àwọn tó ń ṣe é ti ń fi cerium, irú irin kan, sínú rẹ̀ kí ó lè pa àwọn èròjà olóró tó ń jẹ awọ náà láti inú, ìtẹ̀síwájú gidi ni, n kò kóyán rẹ̀ kéré. Àmọ́ cerium kò ní kí awọ náà má gbẹ.

Èéfín ńkọ́? Imí ọjọ́ tó wà nínú èéfín dísẹ́ẹ̀lì máa ń lẹ̀ mọ́ platinum, kì í sì í fẹ́ kúrò. Carbon monoxide, òun náà tó ń pa èèyàn sínú yàrá tí wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀, máa ń jókòó lé platinum tí háídrójìn kò fi ní ráyè. Ìlànà àgbáyé lórí háídrójìn tí wọ́n ń lò fún mọ́tò sọ pé carbon monoxide inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.2 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó nílò irú ìmọ́tótó yìí sáàárín ọjà tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti ń rú èéfín sí ara wọn, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tí fílítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè mú.

Mo mọ̀ pé wọ́n ń tẹ̀ síwájú. Ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé wákàtí 25,000 kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfojúsùn fún fuel cell ọkọ̀ akẹ́rù. Bí a bá ń lò ó fún wákàtí 12 lójúmọ́, ó ti ju ọdún márùn-ún lọ nìyẹn, n kò sì ní kórìíra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà mi. Àwọn mìíràn ń fi irin, nitrogen àti èédú ṣe catalyst tí kò ní platinum rárá. Irin kò wọ́n, ìdùnnú ńlá ni yóò jẹ́ fún orílẹ̀-èdè bíi tiwa, àmọ́ títí di ìsinsìnyí, agbára rẹ̀ tètè ń lọ ju ti platinum lọ.

Irú kan tún wà tí wọ́n fi amọ̀ olóòru ṣe, tó ń gbóná tó 700 digíríì sókè. Kò nílò platinum, nickel ló ń lò, ó sì lè jẹ gáàsì tí a bá mú jáde láti ara èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Èyí wù mí fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń yan gàrí. Imí ọjọ́ inú gáàsì yẹn, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ń ba nickel jẹ́, ṣùgbọ́n irin tó ti dípẹtà lè gbà á mọ́ra bí a bá mú gáàsì náà gba inú rẹ̀ kọjá, ìyẹn èérún irin tí àwọn wẹ́dà ń gbá dànù láràárọ̀. Tirẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí wọ́n máa pa òun. Gbígbóná àti títutù lemọ́lemọ́ ń fọ́ ọ. Ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn ló yẹ ẹ́.

Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gba àkóso iná ara wọn lábẹ́ òfin iná mànàmáná ọdún 2023. Nítorí náà, ìjọba wa lágbára láti kọ ọ́ sínú ìlànà pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta fuel cell níbí gbọ́dọ̀ kọ iye wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, iye ìgbà tí a lè tàn án ká sì pa á, àti iye tí agbára rẹ̀ yóò ti dín kù nígbà náà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi falẹ̀. A ti rí iná oòrùn tí wọ́n gbé sójú títì tí bátìrì rẹ̀ kú kí ọdún tó yí po, tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀. Òpó rẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀, aṣọ ìpolówó ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Fuel cell wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Mo ń bẹ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní àwọn yunifásítì Èkìtì, EKSU, FUOYE àti ABUAD: ẹ gbé ẹyọ kan jáde sẹ́yìn ilé ìwádìí yín, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, ẹ máa tàn án kí ẹ sì máa pa á bí iná wa ti ń ṣe, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ilé ìwádìí Jámánì tàbí Japan kò ní ọyẹ́ níta bíi tiwa. Ilé-ẹ̀kọ́ Pólí ní Adó náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí a ti ń yẹ awọ wò, bí a ti ń mọ̀ pé gáàsì ń jò, nítorí háídrójìn kò ní òórùn, bó bá sì gbiná, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iná rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kú, platinum ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeé yọ lò. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó ni ín, kí ó sì sọ ẹni tí yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yọ ọ́, kí a má baà tà á fún ẹni tó ń ra àlòkù irin ní iye páànù.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Atúnjẹnẹrétọ̀ṣe kan,
Adó-Èkìtì.