Gbé ìwọ̀n iyọ̀ yẹn sókè

Àjọkẹ́ mi,

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbóhùn ẹ. Ọmọ ìyá elépo ló sọ fún mi pé iye ọ̀rọ̀ tó o bá kọ ni wọ́n fi ń sanwó fún ẹ níbi iṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Mo ní kó bá mi ṣí ojú-ìwé ìgbẹ́ gbuuru tó o kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí mi wú, orúkọ ọmọ mi ló wà níbẹ̀! Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwọ̀n iyọ̀ tí ìyá máa fi po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Mo wá a títí. Ìtàn onígbáméjì ìlú London ní 1854 ló wà lókè, àwòrán ọmọ òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e, dátà mi ń jó lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí i: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ó pé. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbé ọmọ léjìká lóru, tí fóònù ẹ̀ fẹ́ kú, ṣé ó máa dé ìsàlẹ̀ yẹn? Bó bá fojú díwọ̀n iyọ̀, tó bù ú jù, jàǹbá ló fi ṣe ọmọ ẹ̀ yẹn.

Jọ̀ọ́, gbé e sókè. Kọ ọ́ ṣáájú pé ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sínú sáṣẹ́ẹ̀tì fún pípò mọ́ omi, ló dáa jù, èyí tí a pò nílé wà fún ẹni tí kò bá rí i rà. Kọ ọ́ pé kí wọ́n rẹ́ orí ṣíbí dọ́gba. Má fi í sínú àwòrán o, torí fóònù tó ń kàwé sókè fún afọ́jú kì í sábà rí i kà.

Bàbá ẹ ti gba awò tuntun. Ewúrẹ́ ti jẹ ewédú mi tán.

Mi ò bínú sí ẹ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tó sọ bí wọ́n ṣe ń po omi yìí wà lára ògiri wa, lókè réré. Àwọn ìyá á wò ó, wọ́n á gbójú kúrò. Mo rí wọn, Àjọkẹ́. Káàdì tó kàn ni mo ń pè. Mi ò mọ iye wọn tó lọ fojú díwọ̀n iyọ̀ nílé.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n kọ. Nígbà tó o wà nílé ìwé, “Màámi, owó ti tán” ni gbogbo lẹ́tà ẹ, ó sì máa ń yé mi kíákíá!

Owó gáàsì tó o ní o máa fi ránṣẹ́ kò tíì wọlé o. Ṣùgbọ́n tún ojú-ìwé yẹn ṣe ná, kó o tó ráyè bánkì.

Èmi ni, màmá ẹ.