Wọ́n ti gbé ilé lọ, kí ni wọ́n tún ń wá nínú owó àjọ wa?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo mọ̀ pé ojú ìwé yín ò lè gba gbogbo ẹni tó bá ní nǹkan sọ, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá àyè fún èyí, torí bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi máa bẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi nínú Ọjà Àtàkúmọ̀sà níbí ní Iléṣà, mò ń wọn àǹkárá yáàdì mẹ́fà fún oníbàárà kan tó wá láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Fóònù mi dún. Mo rò pé owó ọjà ló wọlé. Ìgbà tí mo wò ó, owó ló jáde: ₦186,400, nínú àkáǹtì tí mo ní sí báńkì tí kò yá mi ní kọ́bọ̀ rí. Ẹ sì gbọ́ o, orúkọ mi ló wà lórí àkáǹtì yẹn, ṣùgbọ́n owó àjọ àwa obìnrin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́sàn-án ti san ₦20,000 tiwọn. ₦6,400 péré ni tèmi. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bá wọn kó o pa mọ́, wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́. Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí mo wọn aṣọ dé mọ́. Oníbàárà ní, "Màmá, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Mo tún aṣọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni mo jẹ? Gbèsè ilé. Ilé wo? Ilé tí wọ́n ti gbà, tí wọ́n ti tà, tí ẹlòmíràn ti kó sínú ẹ̀, tó sì ti fi ọ̀dà mìíràn kùn ún. Iwájú ẹ̀ ni mò ń gbà kọjá bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gbé ilé lọ, wọ́n fi gbèsè sílẹ̀ fún mi. Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?

Ẹ má rò pé ẹni tó ń sá fún gbèsè ni mí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Á di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á gbé e dé Ọ̀yọ́, dé Ògbómọ̀ṣọ́, á tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́, ó di ìgbà tó bá gbowó ẹ̀ kó tó nàró. Nítorí náà, kò sí báńkì tó máa kọ́ mi pé ẹni tó bá jẹ gbèsè gbọdọ̀ san án. Àwa la fi kọ́ àwọn ará ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bàbá mi máa ń sọ fún wa pé bí ẹni tó jẹ bàbá àgbà bá dá aṣọ padà, tí aṣọ ò tíì gbó, bàbá á ká a, á dì í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mi ò gbọ́ òṣómàáló tó gba aṣọ tán, tó tún lóṣòó ti owó aṣọ.

Ní 2021 ni èmi àti baálé mi yá ₦8 mílíọ̀nù láti fi parí ilé oníyàrá mẹ́ta wa lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. A fi ilé náà dúró. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fún wa, èlé 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦144,000 lóṣooṣù. Aṣọ ń tà nígbà yẹn. Ìwé tí wọ́n ní ká bu ọwọ́ lù nípọn bíi Bíbélì. Mo jẹ́wọ́, mi ò kà á tán. Ẹni tó bá ka tiẹ̀ tán ni kó kọ́kọ́ sọ òkò lù mí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ní May 2023 wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ní June wọ́n já okùn náírà. Àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti èṣí lọ òde. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀, tó jẹ́ 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí a yáwó, ó ti di 27.5 nígbà tó fi máa di November 2024. Báńkì tiwa ò kúkú dúró dè é débẹ̀. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fi ránṣẹ́, ìlà mẹ́rin: èlé yín ti di 30, owó oṣù ti di ₦204,000. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́", kò sí "kí lẹ rí sí i". A ti san tiwa géérégé fún oṣù 30 kí ìwé yẹn tó dé, ₦4.3 mílíọ̀nù. Mo lọ béèrè iye tó kù. Wọ́n ní ó ku ₦7.1 mílíọ̀nù. Mo ní kí ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá mi tún un wò. Ó tún un wò. ₦7.1 mílíọ̀nù náà ni. Ó ní èlé ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, ìyókù ló ń lọ sínú ojú owó. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ohun tí a ti san, ₦900,000 péré ni gbèsè fi dín. Ọmọ náà ò lè wò mí lójú.

February 2025 ni wọ́n wá ti ilé pa. Baálé mi ti ń ṣàìsàn nígbà yẹn. Àga tó ń jókòó sí ni a gbé jáde gbẹ̀yìn. Wọ́n fi àgádágodo tuntun sẹ́nu géètì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ̀wé gàdàgbà sára ògiri. May ni wọ́n tó tà á. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, koríko hù dé ojú fèrèsé. Olè tú ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n fa wáyà iná yọ, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ilé ìdáná lọ. Báńkì ní àwọn fi ọlọ́dẹ síbẹ̀, owó ọlọ́dẹ sì wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lóòótọ́. Owó ọlọ́dẹ ni mo rí o, mi ò rí ọlọ́dẹ.

Wọ́n ní àwọn lù ú ní gbàǹjo, ₦6.5 mílíọ̀nù. Gbàǹjo wo? Ta ló gbọ́ agogo ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ń ta búrẹ́dì nítòsí ààfin Ọwá, kò sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó tí kì í kà, ó ní òun ò rí i. Ilé tó wà lápá ọ̀tún wa, tí kò tiẹ̀ ní ọgbà, ₦15 mílíọ̀nù ni wọ́n tà á lọ́dún yẹn kan náà. Nínú ₦6.5 mílíọ̀nù tiwa, wọ́n yọ owó lọ́yà, owó onígbàǹjo, owó aṣojú àti ti ọlọ́dẹ tí mi ò rí, ₦850,000. Gbèsè ti di ₦9.2 mílíọ̀nù lọ́jọ́ tí wọ́n ta ilé, pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn. Wọ́n yọ èyí tó kù nínú owó ilé kúrò nínú ẹ̀, ó ku ₦3.55 mílíọ̀nù lọ́rùn wa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, ó ti di ₦4.4 mílíọ̀nù. Ilé ò sí mọ́ o! Èlé kí ni wọ́n ń kà?

Mo lọ bá lọ́yà kan nínú ìjọ wa. Ó ní òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ tiwa ti wà láti 1959, nígbà tí gbogbo wa ṣì jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn kan ṣoṣo. Ó ní bí wọ́n bá ta ilé, tí wọ́n yọ gbèsè àti ìnáwó wọn, tí owó bá ṣẹ́kù, onílé ló ni ín. Mo ní tí kò bá wá tó ńkọ́? Ó ní onílé náà ló ni ìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ láti 1973 pé bí ó bá jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú tí wọ́n tà á nìkan ni ẹ̀sùn ènìyàn, wọn ò ní torí ẹ̀ fagi lé e, àfi bí olùfisùn bá lè fi hàn pé jìbìtì wà níbẹ̀. Ta ni yóò fi jìbìtì hàn? Ṣé èmi aláṣọ?

Ọgbọ́n tí wọ́n fi wọ àkáǹtì mi, GSI ni wọ́n ń pè é. Báńkì Àpapọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní August 1, 2020. Báńkì tó yá ènìyàn lówó lè fi BVN tọpasẹ̀ ẹ̀ dé báńkì yòówù tó bá fowó sí, kó fà á. Mo bu ọwọ́ lù ú, mi ò jiyàn. (Ẹ máa ní kí ló gbé owó àjọ dé inú àkáǹtì ara mi. Ẹ jàre, mo ti mọ̀ báyìí. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.) Ṣùgbọ́n ìlànà GSI yẹn fúnra ẹ̀ sọ pé ojú owó àti èlé nìkan ni kí wọ́n fi máa fà, kì í ṣe ìtanràn. Ìtanràn sì wà nínú gbèsè tí wọ́n kà sí mi lọ́rùn, mo rí i nínú ìwé wọn. Ta ló jókòó yà á sọ́tọ̀ kó tó di pé wọ́n fa owó ìyá elélùbọ́, ọ̀kan nínú àwa mọ́kànlá? Àwọn ọ̀gá tó wà nínú ilé alátẹ́gùn tútù l'Ábújà, tí wọ́n ń gbowó oṣù láti máa ṣọ́ báńkì, ta gan-an ni wọ́n ń ṣọ́? Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ. Èsì kan ṣoṣo tí mo gbà, ẹ̀rọ ló kọ ọ́: wọ́n dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn.

Ohun kan ni mo ń bẹ àwọn aṣòfin wa fún, yálà ti Òṣogbo tàbí ti Abújà. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ilé bá ti kúrò lọ́wọ́ onílé, kí èlé dúró lọ́jọ́ náà. Kó dúró pátápátá. Kí wọ́n kọ ìwé kọ́kọ́rọ́: ọjọ́ wo, aago mélòó, ilẹ̀kùn mélòó, ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀ àbí kò sí, páànù pé àbí kò pé. Kí onílé bu ọwọ́ lù ú, kí báńkì bu ọwọ́ lù ú, kí alága àdúgbò ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó bá sọnù nínú ilé, ọrùn báńkì ni. Bí wọ́n bá fi oṣù mẹ́ta wá oníbàárà, tí wọ́n fi ọdún kan wá a, àkókò tiwọn ni wọ́n ń jẹ. Ẹ ó rí i bí wọ́n á ṣe sáré roko ilé náà, tí wọ́n á pe àwọn ènìyàn wá wò ó, tí wọ́n á sì nájà gidi. Lónìí, kí ni báńkì ń pàdánù bó bá ta ilé mi ní ìdajì owó ẹ̀? Èmi ló ń san ìdajì kejì, pẹ̀lú èlé. Bí mo bá rán ọmọ iṣẹ́ mi pé kó lọ ta bọ́ǹdù aṣọ kan, tí mo ní ohun yòówù kó tà á, ẹlòmíràn á san ìyókù, ṣé ọmọ yẹn á nájà? Ẹni àkọ́kọ́ tó bá kò lọ́nà ló máa tà á fún.

Kì í sì í ṣe ohun àjèjì ni mo ń sọ. Ilẹ̀ yìí kan náà ni àwọn bàbá wa ti fi oko kòkó dógò. Ẹni tó yáni lówó á máa ká kòkó ẹ̀ lọ́dọọdún, kòkó yẹn sì ni èlé ẹ̀, títí tí olóko á fi rí owó dá padà. Kò ní máa ká kòkó, kó tún máa ka èlé.

Àwọn nǹkan mìíràn wà. Kí wọ́n máa kéde gbàǹjo lórí rédíò àti nínú ọjà, kí ẹni tó máa díyelé ilé má sì jẹ́ ẹni tí báńkì nìkan mú wá. Ọmọ mi tó wà ní London ní lọ́dọ̀ tiwọn, bí báńkì bá ta ilé, tí kò sọ fún ẹni tó jẹ gbèsè láàárín ọdún mẹ́fà pé òun máa gba ìyókù, ó ti pẹ́ jù. Ó tún ní ní California ní Amẹ́ríkà, bó bá jẹ́ owó tí ènìyàn fi ra ilé tó ń gbé ni, tí báńkì bá ti gba ilé, kò lè lé e mọ́. Owó NHF náà wà, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń kó jọ fún ilé kíkọ́, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1992, tí èlé ẹ̀ fi wà ní 6 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n wọ inú ọjà wá sọ fún àwa náà bí a ṣe lè rí i yá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló ń kọ́lé.

Mo ti sọ fún àwọn obìnrin mẹ́wàá yòókù. Ìyá elélùbọ́ ló kàn láti kó àjọ ní ọjọ́ Mọ́ńdé. Kò pariwo lé mi lórí. Ó kàn ní, "Ìyá Aláṣọ, ṣé báńkì mọ̀ pé owó òkú ìyá mi ni?" Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra máṣíìnì ìránṣọ mi. Ó ní òun á fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi ní Sátidé. Mo ní rárá o, owó ọwọ́ ni kó mú wá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ,
Ọjà Àtàkúmọ̀sà, Iléṣà.