Ẹ Jẹ́ Kí Ọkàn Yín Bá Ẹsẹ̀ Yín Délé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi ìdájí jáde ní Ìkòròdú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ọmọ títọ́. Láti ojú fèrèsé mi ní Ìpakodò ni mo ti ń rí yín. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, ẹ ti ń yára lọ sí èbúté, àwọn mìíràn ń du bọ́ọ̀sì Mile 12. Ìyá kan á pọn ọmọ tó ṣì ń sùn lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹ ó padà dé, ilẹ̀ ti ṣú. Mi ò wá bá yín wí pé ẹ kì í ráyè. Aṣọ ni mo tà ní ọjà Balógun fún ọdún 22, Ìkòròdú yìí ni mo ti ń lọ tí mo ti ń bọ̀, kí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT tó dé ọ̀dọ̀ wa ní 2015. Mo mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ló ń dùn mí títí dòní. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá dúró níwájú mi, ó di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Màámi, ẹ wò ó." Owó ọjà ni mo ń kà, iye rẹ̀ ò sì pé. Mo ní, "Mo ti rí i." Mi ò gbójú sókè. Ó dúró díẹ̀, ó lọ sùn. Àárọ̀ ni mo rí eyín kékeré kan lórí àpótí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ tó yọ ni. A jọ jù ú sórí òrùlé kó tó lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n ayọ̀ alẹ́ àná ti kúrò lójú rẹ̀. Mo wà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkàn mi ló ṣì wà ní Balógun.

Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé àwọn òyìnbó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ọkàn ẹni wà níbi tí ara wà, di ẹ̀kọ́. Ní 1979, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní University of Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á fún ènìyàn ní èso àjàrà gbígbẹ ẹyọ kan ṣoṣo, kó wò ó, kó gbóòórùn rẹ̀, kó rọra jẹ ẹ́ bí ẹni tí ò jẹ irú rẹ̀ rí. Èmi ò ní orúkọ mìíràn fún un ju ìfarabalẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe wá wákàtí kan tí ẹ ò ní. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ dúró. Ẹ mí sínú, kí ẹ sì jẹ́ kí mímí síta pẹ́ ju mímí sínú lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àyà tó ń lù kìkì á rọra wálẹ̀. Ọkàn á tún sá lọ sórí owó ilé ìwé, sórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ pè é padà jẹ́jẹ́, bí ẹ ti ń pe ọmọ tó ń ṣeré lójú títì.

Tí ẹ bá sì ń wẹ ọmọ, ẹ wẹ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà ní yàrá. Ẹ wo bó ṣe ń dijú nígbà tí ọṣẹ bá dé iwájú orí rẹ̀, bó ṣe ń fa èjìká sókè tí kànìnkànìn bá kan ẹ̀yìn etí. Ibẹ̀ ló ti máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí o.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó kàn ń sunkún láìnídìí, tirẹ̀ kọjá kí a máa mí lẹ́nu ọ̀nà. Kó tètè lọ rí dókítà, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ máa wọkọ̀ ire o. Ẹ ó jèrè àwọn ọmọ náà.

Èmi ni ìyá yín, ní Ìpakodò.