Kí o tó ra eku: lẹ́tà sí Bọ́lá

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ilé. Ètò ìwádìí tí o kọ, láti fi eku wò bóyá ewúro ń mú ṣúgà ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà wálẹ̀, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Oúnjẹ àwọn eku ló ń kọ mí lóminú jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n mú alloxan, oògùn tí o fẹ́ fi dá ìtọ̀ ṣúgà sí wọn lára, kúrò nílẹ̀ ná.

Mílígíráàmù 150 fún kílò kan tí o kọ dára. Má pò ó sílẹ̀ dè wọ́n o. Bó bá ti kan omi ni agbára rẹ̀ ń ṣá. Omi iyọ̀ tútù ni kí o fi pò ó, kí o fi gún eku tí kò jẹun mọ́jú lójú ẹsẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì inú pancreas bá ṣe ń fọ́, insulin inú wọn, èròjà tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, a tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ a já wálẹ̀. Ìyẹn ló ń pa eku lóru ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Omi glucose 5% ni kí wọ́n máa mu fún wákàtí 24. Lẹ́yìn wákàtí 72, yẹ ẹ̀jẹ̀ ìrù wọn wò. Àwọn tí ṣúgà wọn bá kọjá 250 mg/dL ni kí o mú. Àwọn kan ṣì lè yá fúnra wọn láìlo ewé kankan! Nítorí náà, àwọn eku aláìsàn tí kò gba ewúro gbọ́dọ̀ wà títí dé òpin, kí wọ́n máa gba omi tí o fi po ewúro, ní ìwọ̀n kan náà. Eku 200 gáàmù kò gbọdọ̀ gbà ju mílílítà 2 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Oúnjẹ wàyí. Eku tí kò jẹun tó, ṣúgà rẹ̀ á wálẹ̀, ewúro ì báà ṣiṣẹ́, ì báà má ṣiṣẹ́. N kò rí ibi tí ẹ ti ń wọn oúnjẹ. Lójoojúmọ́, wọn èyí tí o gbé fún wọn, wọn àjẹkù àti èyí tó dà sílẹ̀. Ká ní gáàmù 22 ni àwọn tó ń gba ewúro ń jẹ, tí àwọn aláìsàn yòókù ń jẹ 30: wá ọ̀wọ́ aláìsàn mìíràn, gáàmù 22 náà ni kí o máa fún wọn, láìsí ewúro. Bí ṣúgà ọ̀wọ́ méjèèjì bá wálẹ̀ bákan náà, àìjẹun tó ló ṣiṣẹ́ yẹn. Yóò fi kún owó, mo mọ̀, síbẹ̀ má yọ ọ́.

Ẹni tó ń ka ṣúgà kò gbọdọ̀ mọ ọ̀wọ́ tí eku ti wá.

Ní ti ènìyàn, fi 6.2, iye tí a fi ń yí ìwọ̀n oògùn eku sí ti ènìyàn, pín ìwọ̀n ewúro tí eku ń gbà. 400 mg fún kílò kan lára eku di nǹkan bí 65 lára ènìyàn; ẹni 60 kílò yóò lò tó gáàmù 3.9 lóòjọ́. Kápúsù 500 mg mẹ́jọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ “ọ̀kan lójoojúmọ́” sára ìgò kò lè fi iṣẹ́ yìí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Tún ibi oúnjẹ náà kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ra eku.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Kúnlé