Ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ tirẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn pásítọ̀, àwọn alàgbà ìjọ àti àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ti dáwọ́ lé, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì fún ní ipò tí ó yẹ ẹ́. Iṣẹ́ náà ni kíkọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní lẹ́sìnnì láìgba owó lọ́wọ́ òbí wọn. Mo wà lára àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún un ní agbègbè Peckham, mo sì mọ bí ó ti ń ṣe àwọn ọmọ láǹfààní tó. Mo mọ ohun tí ń pa á lára pẹ̀lú: a kì í jẹ́ kí ó ní ọjọ́ tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Ṣọ́ọ̀ṣì yóò kéde pé ẹ̀kọ́ yóò máa wáyé ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò ní pẹ́ tí àwọn akọrin yóò fi nílò gbọ̀ngàn fún ìdánrawò, tàbí kí ẹbí kan gbà á fún ìkómọjáde, tàbí kí àìsùn ọjọ́ Ẹtì ti tán àwọn tíṣà lókun débi pé ẹni méjì péré ni yóò yọjú. Wọn yóò ní kí a kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìdáná. Akọrin tí kò bá wá sí ìdánrawò yóò gbọ́ ọ lẹ́nu olórí akọrin; àwọn ọ́ṣà ní aṣọ àti báàjì tiwọn, a sì máa ń dárúkọ wọn nínú àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní ti ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, bí ó bá rí àyè kí ó wá, bí kò bá rí àyè, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Èmi kò bá àwọn akọrin jà o, orin wọn ń gbé ọkàn mi sókè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ẹni tí yóò bá lórí àga lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í pẹ́ kí ó tó ṣíwọ́ wíwá, pàápàá ọmọ tí ojú ń tì láti sọ pé nǹkan kò yé òun. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí ó jẹ́ pé pẹ́ńsùlù ni ó máa ń gbẹ́ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Yóò gbẹ́ ẹ, yóò ṣẹ́ ẹnu rẹ̀, yóò tún gbẹ́ ẹ. Obìnrin kan náà ni ó ń jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kò yẹ̀ ẹ́, tí kò sì bá a wí. Nígbà tí ó dá a lójú pé obìnrin yìí kò ní lọ, ó ṣí ìwé rẹ̀ fún un, a sì wá rí i pé láti ìlọ́po mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ ìṣirò ti dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn tí wọ́n wà nílé lè máa rò ó pé kí ni ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Ìlú Ọba tún ń wá ní lẹ́sìnnì. Irú iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe ni ó fà á. Ìyá tí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru yóò máa wọlé nígbà tí ọmọ ń jáde lọ sí ilé-ìwé, bàbá tí ó ń wa bọ́ọ̀sì yóò sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá jáde ní nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá. Àwọn tí ó rí jájẹ ń gba tíṣà wá sílé. Ètò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, láti fi owó ran ilé-ìwé lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀yìn lè rí tíṣà àfikún, ti dópin ní 2024. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa lè dí díẹ̀ nínú àlàfo yìí, nítorí a pọ̀, a sì ní àyè. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 rí i pé ìjọ tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn tó 240 ní ìjọba ìbílẹ̀ Southwark nìkan, níbi tí Peckham àti Old Kent Road wà. Bí ènìyàn bá gba Old Kent Road kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò rí bí gbọ̀ngàn ìjọsìn tí a ti pa ti pọ̀ tó.

Ẹni tí ó bá sì ń wí pé iṣẹ́ ìhìnrere ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, pé iṣẹ́ ìjọba ni ti ìwé, kí ó rántí pé nígbà tí Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ Sunday School tirẹ̀ ní ìlú Gloucester ní 1780, ìwé kíkà ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà tí wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n dé Badagry àti Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1840 pàápàá kò ya ilé-ìwé nípa sí ilé ìjọsìn.

Bí a bá wá ti ní ọjọ́, ó kù kí àwa tí a ń kọ́ wọn mọ ohun tí ilé-ìwé wọn ń ṣe. Ní oṣù June, àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní (Year 1) ní ilé-ìwé ìjọba England máa ń ka ọ̀rọ̀ 40 sétí tíṣà wọn. 20 nínú wọn kò ní ìtumọ̀ rárá, wọ́n kàn hun wọ́n ni, wọ́n sì máa ń ya ẹ̀dá abàmì kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí ọmọ lè mọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ lè so ìró lẹ́tà pọ̀ tàbí ó kàn há ọ̀rọ̀ sórí. Mo rí ìyá kan tí ó mú bírò, tí ó sọ “vap” di “van”, tí ó sọ “strom” di “storm” lórí ìwé ìdánrawò ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà ń wò ó tìyanu-tìyanu nítorí pé ó ti kà á bó ṣe yẹ. Ìfẹ́ ni ìyá náà fi ṣe é, ẹ̀kọ́ kékeré kan fún òun náà ni ìbá ti tán an.

Ti ìṣirò náà nìyẹn. Bí a bá ní kí ọmọ yọ 167 kúrò nínú 403, àwa tí a kàwé nílé yóò ní kí ó yá ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò, òdo ni aládùúgbò yẹn sì ní. Ní ilé-ìwé tirẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ kí ó ṣẹ́ ọgọ́rùn-ún kan sí ẹ̀wá mẹ́wàá bí ẹni ṣẹ́ owó, kí ó tún ṣẹ́ ẹ̀wá kan sí oókan mẹ́wàá, kí 403 di 300 àti 90 àti 13 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. 236 ni ọ̀nà méjèèjì máa já sí. Ṣùgbọ́n tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì tí ó bá sọ fún ọmọ pé ti ilé-ìwé kò dára ti da ọkàn ọmọ náà rú, nígbà tí ìbá fi wákàtí kan péré wo ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kí ó sì tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n gbà.

Ó yẹ kí a máa pe àwọn òbí náà jókòó. Láti 2017 ni èsì GCSE, ìdánwò tí àwọn ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní lẹ́tà bọ́ sí nọ́ńbà ní England, 9 ni ó ga jù, 1 ni ó kéré jù. Òbí tí ó ṣe WAEC, tí ó mọ A1 sí ohun ayọ̀ tí ó sì mọ F9 sí ohun ẹkún, lè rí 1 tí ọmọ rẹ̀ gbà kí ó pe ará jọ, níbi tí ó yẹ kí ó ti béèrè ìrànlọ́wọ́. Ọmọ tí kò bá ní 4 nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò yóò ṣì máa bá a yí lẹ́yìn tí ó bá pé ọmọ ọdún 16, bí ó bá ṣì ń kàwé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bí àwọn àgbà ìjọ nínú, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò DBS tí ó ń fi hàn bóyá ènìyàn ní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn. Wọ́n a ní ta ni yóò ní kí alàgbà tí gbogbo ìjọ mọ̀ lọ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà fún wọn. Àjọ tí ń ṣe é kì í gba owó lórí ti olùyọ̀ǹda, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ láìṣe é. Kí àgbàlagbà méjì wà nínú yàrá, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ọmọ kankan má sì jáde láìjẹ́ pé ẹni tí òbí rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó wá mú un. Àwa ará Peckham kò lè gbàgbé Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a bí ní Èkó, tí wọ́n pa ní ọjọ́ 27 oṣù November 2000 nígbà tí ó ń ti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé Peckham lọ sílé. Ọmọ tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ni. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti dá a lọ́nà, nítorí náà iṣẹ́ wa kò parí títí ọmọ yóò fi dé ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù September. Mo bẹ àwọn pásítọ̀ wa pé kí wọ́n kọ ọjọ́ ẹ̀kọ́ àti yàrá rẹ̀ sínú ìwé ètò ọdún kí wọ́n tó kọ ti ẹgbẹ́ yòówù, kí wọ́n má sì pín tíṣà kan náà sí àìsùn ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, akáúńtáǹtì, ẹnjiníà àti ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tí ẹ wà nínú ìjọ, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún, fún táàmù kan gbáko. Ẹni tí kò bá lè ṣe táàmù kan tán, kí ó má bínú, kí ó bá wa dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn òbí bá ń mú àwọn ọmọ lọ. A nílò ẹni bẹ́ẹ̀ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìyọ̀ǹda kan,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.